Kí Ni Akọrin Ń Wá Láàrin Ọdẹ?

Nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, kò dá lọ. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn bá a lọ, ẹni tí ìjà kì í sú. Ìmọ̀dòye bá a lọ nítorí ọgbọ́n. Tafàtafà wà láàrin wọn. Ọlọ́hùn-iyọ̀ náà sì wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nílé ìwé, n kò gbọ́ kí ọmọ kankan béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé kí ni akọrin ń wá láàrin ọdẹ. Ó yé wa pé ọ̀nà yẹn jìn, pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú igbó ni kùmọ̀ ń lé lọ, àti pé ẹni tó bá kó kìkì oníjà jọ, wàhálà ló kó jọ.

Ẹni tó bá ti gba ìyẹn gbọ́ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ géèmù, bọ́ọ̀lù lọkàn ń lọ sí, tàbí èyí tí ọkùnrin kan ń gbé ìbọn káàkiri tó ń pa gbogbo ohun tó bá ń mí. Èyí tí èmi ń gbá yàtọ̀. Ikọ̀ lẹ ó kó jọ: ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Ọ̀kan lágbára, ìkejì ń wo ọgbẹ́ sàn, ìkẹta ń ta láti òkèèrè, ẹ̀kẹrin kò lè jà rárá ṣùgbọ́n kò sí ìlẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Ẹ̀yin ni olórí wọn. Bí wọ́n ṣe ń jà ni wọ́n ń gbọ́n sí i, tí agbára wọn ń pọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ ó sì pinnu ibi tí agbára tuntun náà yóò gbà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìkánjú nínú: ẹ ó darí àwọn ènìyàn yín tán, ẹ ó wá jókòó máa wo ohun tí ọ̀tá yóò fi dá yín lóhùn. Ọwọ́ yíyá kò wúlò níbẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó máa ń nà mí ní bọ́ọ̀lù láìmí, tí wọ́n jókòó ti irú géèmù yìí tí ojú wọn rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ìṣirò síwájú rẹ̀.

Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á mú ènìyàn kan, bóyá jagunjagun, bóyá oṣó, bóyá àlùfáà, wọ́n á sì máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá idà bá ọ̀tá tàbí kò bá a. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá wọlé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá darí gbogbo wọn. Wizardry ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1981 pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà. Àwọn ará Japan gbà á lọ́wọ́ wọn: Final Fantasy àkọ́kọ́, ní 1987, ní kí ẹ yan mẹ́rin nínú oríṣi mẹ́fà, olè sì wà lára àwọn tí ẹ lè yàn. Ìtàn yìí gùn, ṣùgbọ́n ibi tó kan èmi ni 1990, nígbà tí Fire Emblem jáde.

Intelligent Systems ló ṣe é fún Nintendo, Shouzou Kaga sì ni olórí iṣẹ́ náà. Èyí tó jáde ní 2003 ni mo fi wọlé, lórí Game Boy Advance tí ẹ̀gbọ́n mi kan mú ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Wọ́n gé ojú ogun sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹ ó máa gbé ẹlẹ́ṣin yín, tafàtafà yín, aláàáké yín láti ibì kan dé ibòmíràn. Òfin ìjà wọn kò le: idà borí àáké, àáké borí ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ borí idà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á mọ ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí kò ní tètè yé e ni ọ̀rọ̀ Jagen.

Jagen jẹ́ àgbà ẹlẹ́ṣin tó ń bá Marth, ọmọ ọba, rìn nínú Fire Emblem àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ló lágbára jù. Ẹ rán an síwájú, ọ̀tá ṣubú. Ẹ tún rán an, ọ̀tá tún ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ọ̀tá ló ń rí ìrírí gbà, Jagen sì ti dàgbà tán, ìrírí kò fi bẹ́ẹ̀ kún un mọ́. Gbogbo ọ̀tá tó bá pa, oúnjẹ ọmọdé ló jẹ. Ẹ ó dé àárín ogun, ọ̀tá á ti le sí i, bàbá á ti rẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ fi sẹ́yìn kí wọ́n má baà fara pa kò ní mọ idà í mú. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú Fire Emblem tó tẹ̀ lé e, débi pé àwọn olùgbá géèmù ń fi orúkọ Jagen pe gbogbo wọn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lo bàbá gẹ́gẹ́ bí asà: kí ó dúró níwájú, kí ó gba ọgbẹ́, kí ó sọ agbára ọ̀tá di ìdajì, kí ọmọdé wá parí rẹ̀. Inú mi kì í dùn sí i nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù dúró lásán?

Ohun kejì tí wọ́n fi mọ Fire Emblem ni ikú. Ẹni tó bá kú lójú ogun ti kú nìyẹn. Kì í ṣe pé yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ ni ó ní, ojú ni ó ní, ó ní àbúrò tó ń wá, ó sì ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ bí wọ́n bá ti jà nítòsí ara wọn pẹ́. Ó kú, ìtàn náà ń lọ láìsí i. Ọ̀pọ̀ olùgbá kì í gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀: bí ẹnì kan bá ti ṣubú, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì tún ogun náà jà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà gba gbogbo òru. Àwọn tó ṣe géèmù náà rí i. Ní 2010, nínú èyí tó jáde ní Japan nìkan, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn sí i tí wọ́n pè ní Casual: ẹni tó bá ṣubú á padà wá nígbà tí ogun bá parí. Awakening tó jáde ní 2012 gbé e kiri ayé. Wọ́n ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe Awakening pé bí kò bá tà tó 250,000, Fire Emblem ti parí nìyẹn. Ó tà kọjá bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn àgbà olùgbá pé Casual ti ba ayé jẹ́.

N kò sí lẹ́yìn wọn pátápátá. Ẹni tó lo ọjọ́ rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó dé ilé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tó ní wákàtí kan ṣoṣo kí iná tó lọ, ẹ jẹ́ kó gbá Casual rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbá méjèèjì, mo sì mọ ohun tó yàtọ̀ lára mi. Nínú Casual, mo máa ń rán ènìyàn lọ síbi tí n kò lè rán ọmọ aráyé lọ, nítorí mo mọ̀ pé yóò padà. Bí ikú bá jẹ́ ikú gidi, mo máa ń ka ìwé ènìyàn kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e: agbára rẹ̀, ohun tó lè gbà mọ́ra, ẹni tó dúró tì í, ibi tí tafàtafà ọ̀tá lè ta ọfà dé. Lẹ́yìn ogun mélòó kan, n kì í nílò láti kà á mọ́. Mo ti mọ̀ wọ́n.

Final Fantasy Tactics ti 1997, tí Yasumi Matsuno darí, wà láàrin méjèèjì, ó sì burú ju méjèèjì lọ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Ẹni tó bá ṣubú kò tíì kú. Nọ́ńbà kan yóò yọ lórí rẹ̀, mẹ́ta. Bí ìgbà tirẹ̀ bá ti ń kọjá ni ó ń lọ sílẹ̀. Bí ẹnì kankan kò bá gbé e dìde kí ó tó tán, yóò di òkúta dídán tàbí àpótí, kò sì ní padà mọ́. Ẹlòmíràn lè wọ inú òkúta náà kí ó jogún ìmọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dá ogun tó ti fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ dúró kí ó lè rán oníṣègùn sáré kọjá láàrin ọ̀tá nítorí nọ́ńbà kan tó kù lórí ọmọ tí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

XCOM: Enemy Unknown kò fi ìtàn rọ́ yín mọ́ra bẹ́ẹ̀. Julian Gollop, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1994. Ní 2012, Firaxis ní Amẹ́ríkà tún un ṣe, Jake Solomon ló darí iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀dá abàmì láti inú òfuurufú ti gbógun ti ayé, orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún sì dá owó jọ láti gbé ọmọ ogun kan dìde. Nàìjíríà wà lára wọn, pẹ̀lú Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà. Àsíá wa máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ ogun tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. Bí ẹ bá sì fi ilé iṣẹ́ ogun yín sí Áfíríkà, owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ń san lóṣooṣù á fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Àwọn ọmọ ogun náà kò ní ìtàn kankan. Orúkọ ni wọ́n ní, ẹ sì lè yí i padà. Ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń sọ wọ́n ní orúkọ ìyàwó, orúkọ ọ̀gá ibi iṣẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ tó jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wo ìgbésẹ̀ kan níbẹ̀. Ọmọ ogun tuntun kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó dúró lójú títì. Ìwọ̀n ìtamọ́ rẹ̀ jẹ́ 65. Ọ̀tá kan wà lẹ́yìn ògiri gíga lódìkejì. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń yọ 40 kúrò. Ó ku 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bí ó bá ta, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó tàsé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó lè ṣe nǹkan: kí ó rìn, kí ó ta, tàbí kí ó sáré jìnnà, kí ó má ta mọ́. Bí ó bá lè yípo dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá náà, ògiri kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, 40 yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò gbà yípo ṣófo, àwọn ọ̀tá mìíràn sì lè wà nínú òkùnkùn tí ẹ kò tíì rí. Bí ẹ bá jí wọn, ìgbésẹ̀ tó kàn jẹ́ tiwọn. Ṣé ẹ ó rán an lọ ni, àbí ẹ ó ní kí ó dúró kí atamátàsé yín tó wà lórí òrùlé kọ́kọ́ gbìyànjú? Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń yára tẹ bọ́tìnnì. Ní báyìí, mo lè lọ bu omi mu kí n tó padà wá dá a lóhùn.

Bí ó bá sì kú, orúkọ rẹ̀ á wọ ara ògiri ìrántí ní bárékè, pẹ̀lú iye ọ̀tá tó pa. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lè wárìrì, kí wọ́n máa yìnbọn kiri tàbí kí wọ́n lúgọ sílẹ̀ láìgbọ́ àṣẹ. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ironman, níbi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀, tí kò sí pípadà sẹ́yìn.  Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ni ọmọ ogun XCOM. Ohun tí wọ́n ní kò ju èyí tí ẹ fún wọn lọ. Mass Effect 2, tí BioWare ti Kánádà gbé jáde ní 2010, ló fi yé mi pé a lè yí ọ̀rọ̀ náà dé. Shepard, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú kan, fẹ́ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ kó bọ̀. Ó ń kó ènìyàn jọ láti ibi gbogbo: apànìyàn, ẹlẹ́wọ̀n, dókítà tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Jíjà wọn kò le láti kọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tó fi ilé sílẹ̀ láìní ọ̀ràn nílé. Ẹ ò rántí Kàkó? Ìyàwó dì mọ́ ọn pé kò ní lọ, Kàkó sì fi ikú dá a lóhùn, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Fágúnwà kọjá níbẹ̀ kíákíá. Mass Effect 2 kò ní gbà yín láàyè kí ẹ kọjá: bí ẹ kò bá bá ẹni yín dé ilé yanjú ọ̀ràn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní sí lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Ẹ wo Tali. Inú ọkọ̀ ojú òfuurufú ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ń gbé, nítorí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ọkọ̀ tí ẹnì kan wà nínú rẹ̀ máa ń wà lára orúkọ rẹ̀. Wọ́n pe Tali lẹ́jọ́ pé ó kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé láàyè. Ẹ bá a lọ. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ gbọ́ pé orúkọ ọkọ̀ yín ni wọ́n fi ń pè é báyìí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára wọn. Ẹ wá wọ inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ẹ bá òkú bàbá, ẹ sì rí ẹ̀rí pé bàbá gan-an ló ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kà sí ọmọ lọ́rùn. Tali bẹ̀ yín: kí ẹ má ṣe fi hàn. Ó sàn kí wọ́n lé òun jáde ju kí orúkọ bàbá òun di ẹ̀gàn lọ. Bí ẹ bá tú àṣírí náà, wọ́n á dá a láre, yóò sì yà kúrò lọ́dọ̀ yín nínú ọkàn. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò jókòó síwájú ìyẹn tí kò ní mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ? Ọ̀nà kẹta wà, fún ẹni tó bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, láti gba ìyá àti ọmọ là, bí wọ́n ti ń wí: kí ẹ kojú àwọn adájọ́ títí wọn ó fi jẹ́ kí ó lọ láìrí ẹ̀rí kankan.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ ó dé ibi tí ẹ ń lọ, tí ẹ ó pín iṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ tóóró kan láti lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó kù. Tali mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, yóò ṣí i, yóò sì jáde. Bí kò bá sí, yóò ṣí i, yóò sì kú sídìí rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ darí ikọ̀ kejì. Agbára ọwọ́ nìkan kò tó fún ìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú àwọn aláìlera padà sínú ọkọ̀. Dókítà Mordin ni mo máa ń rán, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kí ó di ẹnu ọ̀nà mú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa á. Bí àwọn tó kù fún Shepard kò bá tó méjì, òun náà kú. Ẹni tó sì kú níbẹ̀ kò ní sí nínú Mass Effect 3, bí ẹ bá gbé ìtàn yín lọ síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbá, kò sí ibi tí ìmọ̀ ènìyàn ti wúlò ju ìmọ̀ ìbọn lọ tó bẹ́ẹ̀.

Baldur's Gate 3, tí Larian ní ilẹ̀ Belgium gbé jáde ní oṣù kẹjọ 2023, tún gbé e síwájú. Ó padà sídìí òfin Dungeons & Dragons; dáìsì olójú ogún náà ń yí lójú yín. Ikọ̀ ènìyàn mẹ́rin ni. Akọrin wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pé: ó lè bú ọ̀tá kí èébú náà fi ọgbẹ́ gidi sí i lára. Dókítà aṣiwèrè kan wà nínú ilé ìwòsàn tó ti di ibi ìpànìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá a jà títí, wọ́n kú níbẹ̀. Akọrin mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fi dókítà fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Wọ́n sì kọ́ ọ.

Ohun tó jọ mí lójú jù níbẹ̀ ni pé ikọ̀ lè kọ̀ yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà ìkà, mo bá àwọn jàǹdùkú lọ pa àwọn tó sá àsálà sínú igbó kan. Wyll, ọ̀kan nínú ikọ̀ mi, lọ. Karlach náà lọ, ẹni tó ti ń jà níwájú láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ipò wọn ṣófo, Minthara tó kó wa lọ síbi ìpànìyàn náà ló wá wọlé dípò. Ó mọ ogun jà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì í.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò gbogbo èyí. Ẹni tó bá ní Nintendo Switch, Three Houses ti 2019 ni kí ó fi wọ Fire Emblem: tíṣà ni ẹ ó jẹ́ níbẹ̀, ẹ ó sì padà pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe tiyín lójú ogun lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí wọ́n á mọ̀ yín. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, XCOM ni. Kò wọ́n mọ́. Kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Orúkọ ẹni tí ikú rẹ̀ kò ní gba oorun lójú rẹ̀ ló dára fún ọmọ ogun tuntun. Orúkọ onílé mi ni mo fún ọ̀kan, mo sì ń rán an síwájú sínú gbogbo òkùnkùn. Àwọn tí mo fẹ́ràn ti kún ara ògiri. Onílé ti di Kọ́nẹ́ẹ̀lì, òun ni atamátàsé mi, n kì í sì jáde láìsí i mọ́.